Àbọ̀ Là Ń Jẹ́: Ìtàn Àjùmọ̀ṣe àti Èsì Iṣẹ́ Láti Oko Àáró Dé Yàrá Kọ̀ǹpútà ní Jabi

Àṣamọ̀

Agile ni orúkọ tí àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà fún ọ̀nà iṣẹ́ kan tó fi àjùmọ̀ṣe àti gbígba èsì léraléra ṣe òpó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀rọ̀ àwọn oníkọ̀ǹpútà nìkan ni, pé kò kan ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni. Bébà yìí tọ ipasẹ̀ ìtàn ọ̀nà náà. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí àáró àti ọ̀wẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, ó kọjá sí ìpàdé Garmisch ní 1968, micro-teaching ti Stanford, iṣẹ́ ìwádìí Ifẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1970 àti àṣìṣe ìdánwò JAMB ní 2025, títí dé orí iṣẹ́ kékeré kan tí òǹkọ̀wé kópa nínú rẹ̀ ní Jabi. Ohun tí a rí ni pé èsì kì í wúlò àfi tó bá dé nígbà tí iṣẹ́ ṣì ṣeé tún ṣe, tí ẹni tó kéré jù nínú ẹgbẹ́ sì lè sọ ọ́ láìfòyà. A dá àbá mẹ́rin fún ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni.

Ìfáárà

Ní Jabi, ní Abuja, inú yàrá kan ní ilé olókè tí kò jìnnà sí adágún omi Jabi ni a ti bá àwọn ọ̀dọ́ márùn-ún kan ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́rin. Iṣẹ́ tí a gbé fún wọn ni kí wọ́n kọ sọ́fítíwíà tí àwọn olùkọ́ àgbà yóò máa fi gba máàkì sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá lọ wo akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu TP, ìyẹn àkókò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa máa ń lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama. Tiwa ni láti ṣàlàyé fún wọn bí iṣẹ́ TP ṣe ń lọ.

Láràárọ̀, ní agogo mẹ́sàn-án, àwọn ọ̀dọ́ náà á dìde dúró yí tábìlì ká. Kò sẹ́ni tó ń jókòó, kí ọ̀rọ̀ má baà gùn. Oníkálukú á sọ ohun mẹ́ta: ohun tó ṣe lánàá, ohun tó fẹ́ ṣe lónìí, àti ohun tó ń dí i lọ́wọ́. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ti parí. Ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, wọ́n á pe àwa tí a ni iṣẹ́, wọ́n á fi ibi tí wọ́n bá a dé hàn wá, wọ́n á sì ní kí a sọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó. Bí a bá ti lọ tán, àwọn nìkan á tún jókòó, wọ́n á bi ara wọn léèrè bí àwọn ti ṣe iṣẹ́ náà sí.

Ọ̀nà yìí wù wá púpọ̀. Síbẹ̀, nígbà tí sọ́fítíwíà náà dé ọwọ́ àwọn olùkọ́ àgbà tó lọ sí ìgbèríko, kò ṣiṣẹ́. A ó padà wá sórí ohun tó fà á. Kí a tó débẹ̀, ó yẹ kí a bi ara wa léèrè: níbo ni irú ọ̀nà iṣẹ́ yìí ti wá, kí ló sì kan àwa tí a ń kọ́ olùkọ́?

Àáró, Ọ̀wẹ̀ àti Àbọ̀

Kí kọ̀ǹpútà tó dé ni Yorùbá ti mọ àjùmọ̀ṣe. N. A. Fádípẹ̀, ẹni tó kọ iṣẹ́ ìwádìí tó jinlẹ̀ lórí àwùjọ Yorùbá fún oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì London ní 1939, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣàlàyé àáró àti ọ̀wẹ̀ sínú ìwé. Nínú àáró, àwọn àgbẹ̀ mélòó kan tí agbára wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba á para pọ̀, wọ́n á ṣiṣẹ́ lóko ẹnìkan lónìí, wọ́n á bọ́ sí oko ẹlòmíràn lọ́jọ́ mìíràn, títí yóò fi kárí. Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Ẹni tó ní iṣẹ́ ńlá, bí ilé kíkọ́ tàbí iṣẹ́ àna, ló ń bẹ ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wẹ̀, tí yóò sì fi oúnjẹ àti ohun mímu tọ́jú wọn.

Ìyàtọ̀ kan wà láàárín méjèèjì tó kan ọ̀rọ̀ wa. Nínú ọ̀wẹ̀, ẹni tó bá kọ ebè jákujàku lè jẹun tán kó máa lọ. Ọpẹ́ ni onílé yóò dú, nítorí a kì í bẹ ènìyàn lọ́wẹ̀ ká tún máa bá a wí. Nínú àáró, ẹni tó bá kọ ebè jákujàku lóko mi mọ̀ pé èmi náà ń bọ̀ lóko òun láìpẹ́. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kì í pẹ́ padà wá bá a. Kò sí ìgbìmọ̀ tó ń yẹ iṣẹ́ wò, ṣùgbọ́n èsì wà nínú ètò àáró fúnra rẹ̀.

Èdè wa náà ní ọ̀rọ̀ tó bá èyí mu. Ẹni tí a rán níṣẹ́ kò tíì parí iṣẹ́ nígbà tó dé ibi tí a rán an dé. Ó gbọ́dọ̀ padà wá jábọ̀. Àbọ̀ kì í ṣe ìyìn, kì í sì í ṣe ẹ̀gàn. Ìròyìn ohun tí ojú ìránṣẹ́ rí ni, kí ẹni tó rán an lè mọ ohun tó kàn láti ṣe. Nínú bébà yìí, àbọ̀ ni a ó máa pe ohun tí àwọn onísọ́fítíwíà ń gbà lọ́dọ̀ àwọn tó ń lo iṣẹ́ wọn àti láàárín ara wọn. A kò sọ pé oko àáró ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ohun tí a ń sọ ni pé kò ṣàjèjì sí wa.

Láti Garmisch Dé Snowbird

Ní oṣù Kẹwàá 1968, ìgbìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àjọ NATO pe àwọn ọ̀mọ̀ràn kọ̀ǹpútà jọ sí ìlú Garmisch, ní Jámánì. Ohun tó kó wọn jọ kì í ṣe ayẹyẹ. Àwọn sọ́fítíwíà ńláńlá ń pẹ́ ju àdéhùn lọ, owó wọn ń kọjá iye tí a dá, bí wọ́n bá sì parí tán, wọn kì í ṣe ohun tí oníṣẹ́ ní lọ́kàn. Wọ́n gbà pé ọ̀rọ̀ náà ti di ìṣòro tó ju ti ẹnìkan lọ.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1970, Winston Royce, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ti ṣiṣẹ́ lórí sọ́fítíwíà fún àwọn ọkọ̀ tí a ń rán lọ sí ojú òfuurufú, kọ bébà kan tó lókìkí. Ó ya àwòrán ìgbésẹ̀ iṣẹ́ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀: kí a béèrè ohun tí oníṣẹ́ fẹ́, kí a ṣe ìtúpalẹ̀ rẹ̀, kí a ya ètò rẹ̀, kí a kọ ọ́, kí a dán an wò, kí a gbé e fún un. Lẹ́yìn náà ni àwọn mìíràn wá fi omi tó ń já bọ́ látorí àpáta ṣe orúkọ ọ̀nà náà, nítorí omi tó bá ti já bọ́ kì í gòkè padà. Ṣùgbọ́n Royce kò yin ọ̀nà náà. Nínú bébà kan náà ló ti kìlọ̀ pé ewu ń bẹ nínú rẹ̀, nítorí pé ìgbẹ̀yìn ni ìdánwò ń dé, àṣìṣe tí a bá sì rí nígbà náà lè dá gbogbo iṣẹ́ padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ó gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n ṣe iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n sì jẹ́ kí oníṣẹ́ lọ́wọ́ sí i látìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ mú àwòrán, wọ́n fi ìkìlọ̀ sílẹ̀. Àbọ̀ tó mú wá kò dé etí wọn.

Kí olùkọ́ má tètè rẹ́rìn-ín o. Ẹni tó bá kọ́ni láti ọ̀sẹ̀ kìíní dé ìparí sáà láìbéèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bóyá ó yé wọn, tó wá fi ìdánwò àṣekágbá wo ohun tó kù, àwòrán yẹn kan náà ló ń lò.

Orísun mìíràn tún wà. Ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Toyota ní Japan, lábẹ́ Taiichi Ohno, òṣìṣẹ́ tó kéré jù lẹ́nu iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti fa okùn kan tó lè dá gbogbo iṣẹ́ dúró bó bá rí àléébù. Ní 1986, Hirotaka Takeuchi àti Ikujiro Nonaka kọ̀wé lórí àwọn ilé-iṣẹ́ Japan tí ẹgbẹ́ kékeré ti ń ṣe ọjà tuntun papọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Wọ́n fi wọ́n wé àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù rugby, tí wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù síra wọn bí gbogbo wọn ti ń lọ síwájú. Nínú àfiwé yìí ni orúkọ scrum ti jáde. Jeff Sutherland àti Ken Schwaber gbé e wọ iṣẹ́ sọ́fítíwíà, wọ́n sì ṣàlàyé rẹ̀ níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ìpàdé kan ní Texas ní 1995. Ní àkókò kan náà, Kent Beck àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbìyànjú ọ̀nà tiwọn, nínú èyí tí ènìyàn méjì ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kan, tí èkíní ń kọ, tí èkejì ń yẹ̀ ẹ́ wò lójú ẹsẹ̀.

Láti ọjọ́ 11 sí 13 oṣù Kejì 2001, ènìyàn mẹ́tàdínlógún lára irú àwọn wọ̀nyí pàdé ní Snowbird, ní ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà. Àwọn ló fún ọ̀nà náà ní orúkọ agile. Ìlànà méjìlá ni wọ́n fi ti ìwé àdéhùn wọn lẹ́yìn. Èyí tó kẹ́yìn nínú wọn ló kàn wá jù: ó ní kí ẹgbẹ́ máa jókòó láti ìgbà dé ìgbà, kí wọ́n wo bí àwọn ti ń ṣiṣẹ́ sí, kí wọ́n sì tún ìwà wọn ṣe. Ọdún yẹn náà ni Norman Kerth tẹ ìwé lórí irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ jáde. Òfin àkọ́kọ́ tó là sílẹ̀ fún un ni pé kí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ gbà pé oníkálukú ti sa gbogbo ipá rẹ̀ níwọ̀n ohun tó mọ̀ àti ohun tó ní lọ́wọ́ nígbà náà. Láìsí èyí, ìjókòó náà yóò di ilé ẹjọ́, kò sì sẹ́ni tó ń jábọ̀ òtítọ́ ní ilé ẹjọ́ tí a ti ń wá ọ̀daràn.

Láti Stanford Dé Ilé-Ifẹ̀

Kí àwọn mẹ́tàdínlógún yẹn tó pàdé ni àwọn olùkọ́ ti ń ṣe ohun tó jọ ọ́ gan-an. Ní 1963, ní Yunifásítì Stanford, Dwight Allen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé micro-teaching kalẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka bébà yìí kò nílò àlàyé gígùn. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ́ àwọn díẹ̀ ní ẹ̀kọ́ kékeré fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, lórí ọgbọ́n ìkọ́ni kan ṣoṣo. A ó ya fídíò rẹ̀. Òun àti olùkọ́ rẹ̀ á jọ wò ó. Yóò tún ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣe, yóò sì tún un kọ́. Ẹ fi èyí wé ohun tí àwọn ọ̀dọ́ Jabi ń ṣe ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì: iṣẹ́ kékeré, àfihàn, àbọ̀, àtúnṣe. Ìlànà kan náà ni.

Lónìí, micro-teaching wà nínú ìlànà tí NCCE, àjọ tí òfin dá sílẹ̀ ní 1989, ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ NCE. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bá ara wa sọ òótọ́. Níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti pọ̀ ju olùkọ́ lọ, àtúnkọ́ ni ohun àkọ́kọ́ tí a máa ń yọ kúrò. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ́ni lẹ́ẹ̀kan, a ó fún un ní máàkì, òmíràn á bọ́ síwájú. Nígbà tí àtúnkọ́ bá ti kúrò, àbọ̀ ti di máàkì lásán, bí ẹni tó ń sọ fún ìránṣẹ́ pé ó ṣìnà lẹ́yìn tó ti sùn.

Àpẹẹrẹ kejì jẹ́ tiwa pátápátá. Ní oṣù Kìíní 1970, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìmọ̀-olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ owó láti ọ̀dọ̀ Ford Foundation. Ṣáájú ìgbà náà, èdè Yorùbá ni a fi ń kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, kí a tó bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ni ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ àwùjọ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan tí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dáadáa ń kọ́. Kò sí ìwé tó pé fún irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Onímọ̀ èdè kò lè dá a kọ, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kò lè dá a kọ. Àjùmọ̀ṣe ló di dandan. Kíláàsì mìíràn tún wà tí wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n, kí ó má baà jẹ́ pé ẹnu ẹni ni a fi ń yin ara ẹni.

Nígbà tí wọ́n wọn iṣẹ́ náà ní 1978, ọ̀kan lára àwọn tó ṣe ìwọ̀n náà ni Adédibú Òjérìndé. Àbọ̀ wọn ni pé àwọn ọmọ tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ kò rẹ̀yìn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Kí ni orílẹ̀-èdè fi àbọ̀ náà ṣe? Ó di oṣù Kọkànlá 2022 kí ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ tó fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ni fún ọdún mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá 2025, ìjọba kéde pé òun ti fagi lé e. Ẹnikẹ́ni lè ní èrò tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ èdè. Ohun tí ìtàn yìí fi yé wa ni pé àbọ̀ lè pé, kó tọ̀nà, kó sì wà lórí pẹpẹ fún ogójì ọdún ó lé, bí kò bá sí ọ̀nà tó gbé e dé ọwọ́ ẹni tó lè tún iṣẹ́ ṣe.

Jabi àti Bwari: Nígbà Tí Sọ́fítíwíà Di Ìránṣẹ́

Láyé ìgbà tí Fáfúnwá ń ṣe iṣẹ́ Ifẹ̀, ènìyàn ló ń gbé àbọ̀ láti ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ dé ọ̀dọ̀ olùkọ́. Lónìí, sọ́fítíwíà ti gba ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ ìránṣẹ́ náà. Jabi tí a ń sọ yìí ni olú ilé-iṣẹ́ Yunifásítì NOUN wà, yunifásítì tí òfin rẹ̀ jáde ní 1983, tí ìjọba ológun tì í pa ní 1984, tí a sì tún jí i dìde ní 2002. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lè wà ní Ṣakí tàbí Sokoto. Orí ẹ̀rọ ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ ń gbà lọ, orí ẹ̀rọ ni máàkì ń gbà bọ̀. Bí ẹ̀rọ bá ṣi iṣẹ́ jẹ́, kò sí ẹlòmíràn lọ́nà.

Ọ̀rọ̀ JAMB fi èyí hàn. Òjérìndé tó wọn iṣẹ́ Ifẹ̀ di ọ̀gá-àgbà àjọ náà ní 2007, ìgbà tirẹ̀ sì ni ìdánwò orí kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ ní 2013, tó sì di ti gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ní 2015. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Olóyèdé ló gba ipò náà lẹ́yìn rẹ̀ ní 2016. Ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún 2025, àjọ náà gbé èsì UTME jáde. Nínú nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.95 tí èsì wọn jáde, ó lé ní mílíọ̀nù 1.5 tí kò gba tó 200 nínú 400. Àwọn kan ti ń sọ pé ọ̀lẹ ni àwọn ọmọ ìsinsìnyí. Ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́, òbí àti olùkọ́, pàápàá ní Èkó àti Gúúsù Ìlà-Oòrùn, kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní ohun tí àwọn rí kò jọ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn.

Àjọ náà kó àwọn onímọ̀ jọ, wọ́n yẹ iṣẹ́ wò. Ní ọjọ́ 14 oṣù náà, Olóyèdé jáde síwájú àwọn oníròyìn, ó gba ẹ̀bi, ó sì sunkún ní gbangba. Ibùdó 157 nínú 887 ni àṣìṣe kàn, akẹ́kọ̀ọ́ 379,997 ni ó sì kàn níbẹ̀. Lọ́dún náà, àjọ yìí ti ṣe àyípadà sí bí ìbéèrè àti ìdáhùn yóò ṣe máa pààrọ̀ ipò láti orí akẹ́kọ̀ọ́ kan sí òmíràn àti bí ẹ̀rọ yóò ṣe máa gba máàkì. Wọ́n fi àtúnṣe tó yẹ sórí àwọn ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ fún apá kan orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n a kò fi í sórí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún Èkó àti Gúúsù Ìlà-Oòrùn. Kò sẹ́ni tó kíyè sí i títí èsì fi jáde. Láti ọjọ́ 16 oṣù náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìdánwò ṣe fún àwọn tó kàn.

Ohun mẹ́ta ni olùkọ́ lè rí kọ́ níbẹ̀. Èkíní, àṣìṣe náà kì í ṣe ti àìmọ̀wé. Àtúnṣe wà nílẹ̀, ẹnìkan ni kò gbé e dé ibi tó yẹ, kò sì sẹ́ni tó bi í pé, "Ǹjẹ́ o ti ṣe tìhín, o ti ṣe tọ̀hún?" Ìbéèrè ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí àwọn ọ̀dọ́ ń bi ara wọn láràárọ̀ kò ju èyí lọ. Èkejì, ìsàlẹ̀ ni àbọ̀ ti wá. Àwọn ọmọ tí a fẹ́ pè ní ọ̀lẹ ló kọ́kọ́ mọ̀. Ẹ̀kẹta, ọ̀gá gbà á. Bí ó bá ti yàn láti gbèjà ara rẹ̀ ni, nǹkan bí ọ̀kẹ́ mọ́kàndínlógún ọmọ ni yóò fi máàkì tí kì í ṣe tiwọn sílẹ̀ lọ sílé.

Ohun Tó Ṣẹlẹ̀ ní Jabi

Ẹ jẹ́ kí a padà sí yàrá wa. Sọ́fítíwíà TP náà ń fẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní gbogbo ìgbà tí olùkọ́ bá fẹ́ tọ́jú máàkì kan. Ní Jabi, nẹ́tíwọ́ọ̀kì pọ̀. Ní àwọn abúlé tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọ́ni, olùkọ́ àgbà á gba máàkì fún wákàtí kan, gbogbo rẹ̀ á sì pòórá.

Nígbà tí ẹgbẹ́ náà jókòó láti yẹ ara wọn wò, wọ́n pe àwa náà. Olórí wọn béèrè ohun tó fà á. Gbogbo yàrá dákẹ́. Ó wá yí ètò padà, ó ní ẹni tó kéré jù ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, òun ni yóò sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. Ẹni tó kéré jù ni ọmọbìnrin kan tó ń sìnrú ìlú lọ́dọ̀ wọn. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ nínú yàrá náà, nítorí ẹ̀yà wọn kì í ṣe ọ̀kan, ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá ni òun àti olórí wọn. Bí ọ̀rọ̀ ṣe fẹ́ jáde lẹ́nu rẹ̀, ó bọ́ sí èdè wa:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Tótó ó ṣe bí òwe o. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀."

Olórí náà dáhùn pé, "Wà á rí òmíràn pa."

Ìgbà náà ló wá sọ pé láti ọ̀sẹ̀ kejì ni òun ti mọ̀. Abúlé bẹ́ẹ̀ ni ìyá òun ti ń ṣe tíṣà, orí òkè kan ni wọ́n máa ń gùn kí wọ́n tó lè pe fóònù. Ṣùgbọ́n Ẹ̀gbọ́n ti sọ nígbà náà pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ní jẹ́ ìṣòro, òun kò sì fẹ́ kó dà bí ẹni pé òun ń já ọ̀gá òun nírọ́.

Ojú tì wá, kì í ṣe nítorí tirẹ̀, nítorí tiwa ni. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni wọ́n ti fi iṣẹ́ hàn wá, ẹ̀ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni a wí pé, "Ẹ kú iṣẹ́, ó dára, Ọlọ́run á túbọ̀ máa fún yín ní ọgbọ́n." Wọ́n fún wa ní ohun mímu tútù, a dúpẹ́, a lọ. Àwa tí a mọ abúlé jù wọ́n lọ kò béèrè ohun kan ṣoṣo nípa abúlé. Wọ́n pè wá sí àáró, a sọ ọ́ di ọ̀wẹ̀.

Àtúnṣe náà kò gbà ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Wọ́n jẹ́ kí máàkì máa dúró sínú fóònù títí olùkọ́ yóò fi dé ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Sọ́fítíwíà náà ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó gbà wá ní oṣù mẹ́ta kí a tó gbọ́ ọ ti wà nínú yàrá kan náà láti ọ̀sẹ̀ kejì.

Àwọn kan máa ń sọ pé ìbọ̀wọ̀fágbà ni kò jẹ́ kí ọ̀nà agile bá wa mu. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Èdè wa ti ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún ọmọdé tó ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu níwájú àgbà. Tótó ó ṣe bí òwe ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Wà á rí òmíràn pa ni ìdáhùn àgbà, ó sì jẹ́ ìlérí pé a kò ní fi ọ̀rọ̀ yìí jẹ ọ́ níyà, pé a ṣì fẹ́ gbọ́ òmíràn. Àwa àgbà tó ń dí ilẹ̀kùn ni ìṣòro, kì í ṣe àṣà.

Àbá

Èkíní, kí a dá àtúnkọ́ padà sínú micro-teaching. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá pọ̀, kí a pín wọn sí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni márùn-ún, kí wọ́n fi fóònù ya ara wọn, kí wọ́n jábọ̀ fún ara wọn, kí olùkọ́ sì máa lọ láti ẹgbẹ́ dé ẹgbẹ́. Máàkì àtúnkọ́ ni kí a kọ sílẹ̀.

Èkejì, kí a sọ iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe akẹ́kọ̀ọ́ di àáró. Gbogbo wa mọ iṣẹ́ tí ẹnìkan kọ, tí ẹni mẹ́sàn-án fi orúkọ sí. Bí ẹgbẹ́ bá ń dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yẹn lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀ níwájú ara wọn, ẹni tí kò ṣe nǹkan yóò hàn kí iṣẹ́ tó parí, ẹni tí nǹkan sì dí lọ́wọ́ yóò rí ìrànlọ́wọ́.

Ẹ̀kẹta, nínú gbogbo ìjókòó àgbéyẹ̀wò, kí ẹni tó kéré jù kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí olùkọ́ kẹ́yìn. Kí a kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní bí a ti ń sọ òótọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí a sì fi hàn wọ́n pé ẹni tó bá sọ ọ́ kò ní jìyà rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí olùkọ́ gba àbọ̀ lórí iṣẹ́ tirẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹrin tàbí ìkarùn-ún sáà, lórí ìwé tí a kò kọ orúkọ sí. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kí ó sọ fún kíláàsì ohun tí òun yóò yí padà àti ohun tí òun kò ní yí padà, àti ìdí rẹ̀. Àbọ̀ tí a gbà tí a kò sọ ohun tí a fi ṣe máa ń pa àbọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

A gbọ́dọ̀ fi ìkìlọ̀ kan kún un. Ọ̀nà yìí lè di orò tí kò nítumọ̀. Ẹgbẹ́ lè dúró yí tábìlì ká láràárọ̀, kí oníkálukú máa purọ́ fún ara wọn lórí ìdúró. Àwọn ọ̀dọ́ Jabi ṣe gbogbo ohun tí ìwé wí láti ọjọ́ kìíní. Ohun tó kù wọ́n kù kò sí nínú ìwé.

Ìkádìí

Láti Garmisch dé Bwari, ẹ̀kọ́ kan náà ló ń padà wá. Royce mú ìkìlọ̀ wá, wọn kò gbọ́. Ifẹ̀ mú àbọ̀ wá, ó pẹ́ lórí pẹpẹ. Àwọn ọmọ UTME pariwo, wọ́n gbọ́, a sì tún un ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ọmọ agùnbánirọ̀ Jabi mọ̀, a kò bi í. Kọ̀ǹpútà kọ́ ló ṣe ìyàtọ̀ láàárín wọn. Ẹni tí a gbà láàyè láti jábọ̀, àti àkókò tí a fetí sí i, ló ṣe é.

Àwọn tí a ń kọ́ lónìí ni yóò kọ́ àwọn tí yóò kọ sọ́fítíwíà lọ́la, àti àwọn tí yóò máa lò ó. Bí wọ́n bá kúrò lọ́dọ̀ wa pẹ̀lú èrò pé ẹ̀gàn ni àbọ̀, inú yàrá kọ̀ǹpútà ni wọn yóò gbé e lọ. Bí wọ́n bá rí i lọ́wọ́ wa pé olùkọ́ lè gba àbọ̀ lẹ́nu ọmọdé kó sì dúpẹ́, ohun tí wọn yóò máa ṣe náà nìyẹn.